Omi Tútù ní Ọjọ́ Ìmumi

Ní ẹ̀ka ìmọ̀ omi ní yunifásítì náà, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò àṣekágbá, kì í ṣe bíírò. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kọ sínú ìwé láti ọdún kìn-ín-ní, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bí Ọjọ́ Ìmumi bá pé, yóò gbé korobá rẹ̀ lọ sí adágún tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ẹ̀ka náà, yóò bu omi ẹlẹ́gbin inú rẹ̀, yóò dà á sínú asẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti èédú tò sínú àgbá. Yóò dúró tì í títí omi yóò fi kán jáde nísàlẹ̀, yóò fi oògùn apakòkòrò sí i níwọ̀n tó yẹ, yóò sì bu ife kan mu lójú àwọn olùdánwò. Ẹni tó bá mu ún, ó yege. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n lórí ife ti fún ara rẹ̀ ní máàkì.

Bàbá Olómi ló dá àṣà yìí sílẹ̀, nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú tí kò sì tíì di olórí ẹ̀ka. "Ìwé a máa gbà fún irọ́," ni ó máa ń wí, "ikùn kì í gbà fún un. Ẹni tó sẹ́ omi ni kó kọ́kọ́ mu ún, kí ará ìlú tó mu." Àwọn olùkọ́ ẹ̀ka tó kù a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n a ní kò kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan kan ju ìmukúmu lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í wá wòran.

Obìnrin tí wọ́n pè láti wá ṣe olùdánwò àlejò lọ́dún yìí, ọmọ ilé ni. Òdìkejì ìlú ló ti ń kọ́ni báyìí, wọ́n sì ń pè é ní dókítà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá Olómi ló ti kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó ń ṣe asẹ́ tirẹ̀, ó gún èédú títí ojú, etí àti eyín rẹ̀ fi dúdú, ó sì gba bẹ́ẹ̀ wọ kíláàsì. Bàbá wò ó láti orí délẹ̀, ó ní, "Ta ló gbé ìkòkò wọlé láìfọ idí rẹ̀?" Láti ọjọ́ náà, Èédú lorúkọ rẹ̀. Kò dùn ún. Ó rántí ife tirẹ̀ dáadáa: omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí èémí ọmọdé, ó ní adùn èédú díẹ̀, iyanrìn kan tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ sì wà lórí ahọ́n rẹ̀. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà ló fi ń gbọ́ ikùn rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ rédíò, bóyá yóò kéde ikú rẹ̀. Ikùn kò wí nǹkan kan. Kò tíì mu omi tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò yìí, kí ó tó jáde nílé, ìyá rẹ̀ gbé ife omi ẹ̀rọ sí abẹ́ imú rẹ̀.

"Gbóòórùn rẹ̀."

"Màámi, mo ti ń pẹ́."

"Gbóòórùn rẹ̀ ná. Ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí láìgbẹ. Òun ni kí n fi lo oògùn?"

"Oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi lẹ ń gbóòórùn yẹn. Ó dára fún yín."

Ìyá rẹ̀ yọ ṣùtì. "Ẹ̀yin dókítà omi, ẹ ti pẹ́ jù nínú omi, imú yín ti dí."

Èédú rẹ́rìn-ín, ó fẹnu ko ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí, ó sì jáde. Ìwé èsì ìdánwò wà nínú báàgì rẹ̀. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kò sí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà tí yóò jáde. Bí ó bá sì fọwọ́ sí i, ilé iṣẹ́ omi ìlú ti ń dúró dè wọ́n, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó bá ti ọ̀dọ̀ Bàbá Olómi jáde máa ń lọ lọ́dọọdún, bí omi ti ń lọ sódò. Ilé iṣẹ́ yẹn náà ló ń fa omi wọ ilé Èédú. Ẹni tí òun bá fọwọ́ sí lónìí ni yóò máa pinnu ohun tí ìyá òun yóò fi lo oògùn, àti ohun tí ọmọ òun yóò gbé mì bó bá ń fọ eyín.

Bàbá Olómi gbá a mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ẹ̀wù funfun iṣẹ́ rẹ̀ ti tóbi jù fún un. Ìdánwò ìkẹyìn rẹ̀ nìyí, yóò fẹ̀yìntì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ti ń múra láti kọ orúkọ rẹ̀ sára ilé iṣẹ́ ẹ̀ka náà.

"Ìkòkò mi ti dé! Jókòó, jókòó. Ìyá ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà. Wọ́n ní kí n kí yín."

Fíríìjì kan tó ga bí kọ́bọ́ọ̀dù dúró sí kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì náà, ó ń kùn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Kò sí níbẹ̀ nígbà tirẹ̀. "Ẹ̀yin náà ti ń jayé, Bàbá," ni ó fi dá a lára yá. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín ju bí ọ̀rọ̀ náà ti pa èèyàn lẹ́rìn-ín lọ, ó sì fà á lọ́wọ́ jáde.

Ilé iṣẹ́ náà gùn tóóró, páànù ni òrùlé rẹ̀, oòrùn sì ti mú un gbóná débi pé èèyàn lè fi yan ẹran. Àwọn asẹ́ tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àgbá ike lórí ẹsẹ̀ irin, gbogbo wọn ni wọ́n kùn ní búlúù, ó ń dán. Korobá olómorí kan wà lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró tì wọ́n nínú ẹ̀wù funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Àwọn òbí jókòó síta lábẹ́ ìbòòrùn, wọ́n ń fi ìwé ètò fẹ́ ara wọn.

"Wọ́n ti bu omi láàárọ̀, kí a má baà pẹ́," ni Bàbá wí.

"Nígbà tiwa, ojú olùdánwò la ti ń bù ú."

"Nígbà tiyín, ẹ kì í wọ bàtà wá sí kíláàsì náà."

Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ló kọ́kọ́ jáde síwájú. Òun ni olórí kíláàsì, ahọ́n rẹ̀ dùn, bàtà rẹ̀ ń kọ mànà. Ó tẹríba fún Bàbá, ó tẹríba fún Èédú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹríba fún asẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Omi tí Bàbá dà síwájú ni àwa ń tẹ̀ lónìí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ṣàlàyé asẹ́ rẹ̀ láìmí, bí ọmọ tó ń ka ẹsẹ ìwé mímọ́ síta. Ó ṣí korobá, ó bu omi, ó gbé e mu gbìn, gbìn, gbìn, ó nu ẹnu rẹ̀, ó sì ní, "Háà!" Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ó bu òmíràn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Èédú. "Ẹ tọ́ ọ wò, mà. Ẹ má rò pé a ń pa á mọ́ra."

Èédú gba ife náà. Ó tutù.

Kì í ṣe tútù omi tó wà lábẹ́ òjìji. Ó tutù wọ egungun ìka. Ìrì ti bo ara ife náà, ó ń ṣàn sí ọwọ́ rẹ̀. Nínú ilé tí páànù ti ń mú orí èèyàn hó, omi tó ti inú adágún kọjá nínú àgbá ike búlúù ń tutù nini. Ó tọ́ ọ wò. Kò sí adùn èédú kankan. Ó ní adùn inú fíríìjì, adùn tí omi máa ń ní bó bá ti bá oúnjẹ àná sùn pọ̀. Ó dára lẹ́nu. Ohun tó burú nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn.

"Kí ló mú un tutù báyìí?"

Olórí kíláàsì kò mikàn. "Yanrìn ni, mà."

"Yanrìn?"

"Yanrìn ìgbàlódé ni."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín sínú lẹ́yìn. Bàbá Olómi wúkọ́. "Èédú, o ò yí padà. Ìbéèrè ṣáá! Ẹni tó kàn."

Ọmọbìnrin kan tó wọ awò ojú ńlá ló kàn, Aláwò ni wọ́n ń pè é. Òun sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó bu omi tirẹ̀, ó gbé e sẹ́nu, nǹkan sì dún kó lára eyín rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú. Kò gbé e mì, kò sì lè tu ú.

Èédú tẹjú mọ́ ọn. "Èédú tó wà nínú asẹ́ rẹ, kí niṣẹ́ rẹ̀?"

"Ó ń... ó ń yọ òóhùn, mà."

"Kí ló ń yọ?"

"Òóhùn." Omi yìnyín ṣàn sí àgbọ̀n rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá tilẹ̀ fẹ́ tan òun jẹ, ni Èédú ń rò, wọn ìbá ti fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí ara ni wọ́n díẹ̀, kódà nínú irọ́. Wọ́n gbé irọ́ sí fíríìjì kó lè dùn mu.

Ó dìde, ó lọ sídìí asẹ́ Aláwò, ó ṣí ìdérí rẹ̀. Òórùn tó jáde kì í ṣe ti omi. Òórùn aáyán ni, òórùn kọ̀rọ̀ àpótí. Ó ki ọwọ́ bọ yanrìn náà títí dé ìgúnpá: ó gbẹ, ó ń ṣàn bí ìyẹ̀fun. Ìgbẹ́ aáyán wà láàárín rẹ̀ bí ẹni fọ́n ata, ẹyin ọmọńlé sì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọńlé kan fúnra rẹ̀ tó ti kú, tó gbẹ, tó ya ẹnu sókè bí ẹni fẹ́ gba omi. Ìka rẹ̀ kan nǹkan kan nísàlẹ̀, níbi tó yẹ kí èédú wà. Ó fà á jáde. Ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin ni, ó ti le gbagidi, àtàǹpàkò rẹ̀ ti lu. Ó fi èékánná ha ọ̀dà búlúù ara àgbá náà: àwọ̀ ewé wà lábẹ́ rẹ̀, pupa wà lábẹ́ ìyẹn. Kíláàsì kan ń fi í lé kíláàsì kejì lọ́wọ́, wọ́n kàn ń kùn ún ni.

"Ìbọ̀sẹ̀ ta nìyí?"

Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Èédú ju ìbọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀, ó nu ọwọ́ nù nù nù lára yẹ̀rì rẹ̀, kò sì gbà pé ó ti mọ́. Bàbá Olómi ti dì í mú ní apá, ó ń fà á lọ sí ojú fèrèsé tó kọjú sí adágún.

"Bàbá, ẹ mọ̀?"

"Rọra sọ̀rọ̀. Àwọn òbí wà níta."

"Inú fíríìjì yín ni omi náà ti wá."

Bàbá wo ìta. "Ọmọ kan mu ún lọ́dún kan, ó gbé e dé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Bàbá rẹ̀ wá síbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fà mí ní irùngbọ̀n. Àwọn aláṣẹ ní kí n fòpin sí i. Kí n fòpin sí Ọjọ́ Ìmumi, Èédú! Kí ló wá kù tí wọn yóò fi rántí mi? Mo ní rárá, a ó kàn rọ̀ ọ́ díẹ̀ ni. Ọdún kìn-ín-ní, mo ní kí wọ́n pa omi tiwọn pọ̀ mọ́ èyí tí a rà. Lọ́dún kejì..." Ó ju èjìká. "Wọ́n ṣáà ń mu ún."

"Kí wá ni wọ́n kọ́?"

"Wọ́n mọ ìwé wọn. Bi wọ́n ní ìwé, wàá rí i. Ní ilé iṣẹ́ omi, ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, bọ́tìnì ni wọn yóò máa tẹ̀."

"Ìyá mi ń mu omi yẹn."

"Ìyá rẹ kò ní kú." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀, ó di ojú àtijọ́ tí Èédú fẹ́ràn. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Nígbà tí ọwọ́ rẹ kò tó pẹpẹ, ta ló bá ọ nawọ́? Lónìí, bá mi ki ọwọ́ bọ kèrègbè. Fọwọ́ sí i, ọmọ mi. Jẹ́ kí n lọ sílé mi."

Òórùn adágún ń bá afẹ́fẹ́ wọlé. Èédú wo àgbàlagbà náà, ẹni tó jẹ́ pé bó bá wọ kíláàsì láyé ọjọ́un, òun a máa gbàgbé láti mí. Ó fẹ́ ṣàánú rẹ̀. Àánú náà kò jáde. Ohun tó wà ní ọ̀fun rẹ̀ dàbí ìgbà tí èèyàn bá gé èso jẹ ló tó rí ààbọ̀ ìdin nínú èyí tó kù lọ́wọ́.

"Kí wọ́n lọ bu omi," ni ó wí. "Nísinsìnyí. Lójú mi."

"Èédú."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, sà."

Kò sí ẹni tó lè sọ pé rárá, nítorí pé bí ìlànà ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n gbé korobá. Èédú bá wọn lọ dé etí adágún. Ohun aláwọ̀ ewé kan ti bo ojú omi náà, ó ń yọ̀ bí ikun imú. Ọ̀pọ̀lọ́ kan léfòó lórí rẹ̀, ikùn funfun rẹ̀ kọjú sókè, ó wú. Àwọn àpò ọ̀rá wà níbẹ̀, ìtẹ́dìí ọmọ kan tó ti la ẹnu, àti omi ìdọ̀tí tó ń sun wá láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó ń fi họ́ọ́họ́ọ́ wọlé. Àwọn ọmọ náà fi etí ẹ̀wù bo imú, wọ́n ń ti ara wọn síwájú.

"Bù ú, ìwọ tó ga."

"Kí ló kan gíga nínú omi bíbù?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ bàtà yìí ni!"

Ọdún mélòó ni wọ́n ti fi ń kọ́ nípa omi, tó jẹ́ pé òní ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ etí rẹ̀? Èédú kò bi wọ́n. Wọ́n bù ú, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n dà á sínú àwọn asẹ́ búlúù, wọ́n sì ń wò wọ́n bí ẹni tó da òkúta sínú ìkòkò tó ń retí kó jinná.

Wọ́n dúró. Àwọn òbí ti ń yọjú lójú fèrèsé. Eruku ló kọ́kọ́ jáde nísàlẹ̀ asẹ́ olórí kíláàsì, lẹ́yìn náà, ìyẹ́ aáyán kan, lẹ́yìn náà, omi dé, kò pẹ́ rárá, nítorí pé kò gba inú yanrìn kọjá. Ó ti wá ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ àgbá, bí olè tó gba ẹ̀yìnkùlé. Ó pọ́n bí omi tí àgbẹ̀ fi fọ ẹsẹ̀. Èédú bu ife kan, ó gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀. Tanwíjí ń ká, wọ́n ń nà, wọ́n ń jó nínú rẹ̀.

"Sọ fún mi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí omi yìí."

Olórí kíláàsì na ọrùn, ó di ọwọ́ sẹ́yìn. "Omi sísẹ́ ni ọ̀nà tí à ń gbà yọ ohun aṣeléwu kúrò nínú omi nípa..."

"Mi ò ní kí o túmọ̀ rẹ̀. Kí ló dé tí tanwíjí fi wà nínú èyí?"

Ó wo ife. Ó wo Bàbá. "Mà, eléyìí kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa."

"Aláwò, ìwọ ńkọ́?"

Yìnyín ti yọ́ tán lẹ́nu Aláwò. "Bóyá... bóyá kí a tún àgbá náà kùn?"

Èédú gbé ife náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i. "Ó dáa. Ẹni tó bá fẹ́ yege, kó wá mu ún."

Páànù ń ta pó, pó nínú oòrùn, kò sí ẹni tó jáde síwájú. Olórí kíláàsì ń wo bàtà rẹ̀. Ẹnìkan sọ kẹ́lẹ́ pé, "Kó mu ún fúnra rẹ̀ ná," òmíràn sì ní, "Pa ẹnu rẹ dé, kó má lọ pè ọ́."

Bàbá Olómi rìn wá. Èédú rò pé ó fẹ́ gba ife náà dànù, kó sì sọ̀rọ̀, kó sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àgbà sọ. Ó gbé e fún un tayọ̀tayọ̀. Bàbá gbé ife náà sókè, ó gbé ojú sókè pẹ̀lú rẹ̀, gògóńgò rẹ̀ sì lọ sókè, ó bọ̀ sísàlẹ̀, ó lọ sókè, ó bọ̀ sísàlẹ̀. Ó mu ún tán. Ó dojú ife náà kọlẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé kò kù.

"Ó mọ́," ni ó wí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́. Olórí kíláàsì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn òbí gbà á lójú fèrèsé, ìyá kan tilẹ̀ ké, "Bàbá rere!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí, páànù ń dún. Tanwíjí kan ń jà lórí irunmú Bàbá, ó ń ká, ó ń nà. Kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

"Ó mọ́, Èédú. Fọwọ́ sí i."

Bó bá jẹ́ pé Bàbá bínú, tàbí ó sunkún, tàbí ó sá, ìbá yé Èédú. Ṣùgbọ́n kí èèyàn mọ omi tó bí Bàbá Olómi ti mọ omi, kó wá gbé ìgbẹ́ mì, kí ó má baà sọ gbólóhùn kan! Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń wò ó. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò ní gbàgbé láéláé nínú gbogbo ẹ̀kọ́ wọn nìyẹn: bí omi bá dọ̀tí, mu ún, kí o sì ní ó mọ́.

Kò tíì dá a lóhùn tí àwọ̀ ojú Bàbá fi yí padà. Ó fi ọwọ́ tẹ ikùn. Ó yí sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì bì sínú ọ̀kan nínú àwọn korobá olómorí tí wọ́n ti kó kúrò lábẹ́ asẹ́, lórí omi tútù. Àtẹ́wọ́ dá.

Èédú gbé e sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀. Olórí kíláàsì jókòó sẹ́yìn, ó di korobá mú lórí itan, ó yí ojú kúrò lára rẹ̀. Òórùn adágún ń jáde láti ẹnu àgbàlagbà náà ní gbogbo ìgbà tó bá mí, Èédú sì sọ gbogbo fèrèsé kalẹ̀, ojú sì ń tì í pé ó sọ wọ́n kalẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n ní ilé ìwòsàn yunifásítì sanra, kò sì ní sùúrù fún ọkùnrin.

"Kí lẹ jẹ, Bàbá?"

"N ò jẹ nǹkan kan."

"Kí lẹ mu?"

"Omi."

"Omi kì í ṣe èèyàn báyìí. Irú omi wo?"

Olórí kíláàsì sún mọ́ iwájú. "Omi tí a ti sẹ́ ni, Nọ́ọ̀sì. Ìdánwò la fi í ṣe."

"Ṣé ìwọ ni mo bi? Bàbá, ẹ gbọ́. Bó bá jẹ́ omi tó mọ́, á jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń ṣe yín, màá wá a lọ. Bó bá jẹ́ omi ẹlẹ́gbin, oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi yìí. Èwo ni kí n ṣe?"

Bàbá Olómi wo Èédú. Èédú kò ràn án lọ́wọ́. Ó dúró tì í bí èèyàn ti ń dúró ti asẹ́, ó ń retí ohun tí yóò kán jáde nísàlẹ̀.

"Omi adágún ni," ni Bàbá wí.

"Èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀?"

"Òun náà."

"Wọ́n sẹ́ ẹ ni àbí wọn kò sẹ́ ẹ?"

"Wọn kò sẹ́ ẹ. Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ẹ."

"Bàbá!" ni olórí kíláàsì ké.

"Gbé korobá yẹn jáde," ni Bàbá sọ fún un, kò sì wò ó. Nígbà tí ọmọ náà ti jáde, ó mí ìmí kan tó gùn. "Kọ ọ́ bí o ṣe rí i, Èédú."

Èédú yọ ìwé èsì náà, ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ gbogbo orúkọ pé, *Ẹnikẹ́ni kò tíì mumi*, ó sì fọwọ́ sí ìyẹn. Kò dà bí ẹni tó borí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń rùn, yanrìn gbígbẹ àti ìbọ̀sẹ̀.

"Ta lẹ fẹ́ kú fún gan-an?" ni nọ́ọ̀sì ń sọ, ó ń wá nǹkan nínú àpótí oògùn. "Omi adágún! Ẹ̀yin àgbà!" Ó fi hóró oògùn funfun kan sí Bàbá ní àtẹ́lẹwọ́, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà lára ògiri, ó rọ omi kún ife ike, ó gbé e fún un. "Ẹ lò ó."

Bàbá Olómi gbé ife náà sí ojú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń kọ́ wọn láti ṣe ní kíláàsì láyé ọjọ́un. Ó yí i díẹ̀. Ó gbé e sábẹ́ imú. Ojú rẹ̀ rọra sún papọ̀.

"Ó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ," ni ó wí. "Ta ló sẹ́ eléyìí?"

Èédú ti bíírò bọ báàgì.

"Àwọn ọmọ yín ni, sà. Àwọn tó mumi lọ́dún tó kọjá."

Bàbá kò mu ún, kò sì gbé e sílẹ̀, hóró oògùn náà sì ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti làágùn.